Mọ́tò Tí Kì Í Jẹ Epo, Àbí Mọ́tò Tó Gba Gbogbo Ilé?

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nídìí tábìlì ìmọ̀ràn wa ní Houston yìí, pàápàá ní àsìkò tí àwọn ènìyàn bá gba owó táàsì wọn padà tí ọwọ́ sì tú díẹ̀. Wọn á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ ra mọ́tò. Ṣé Prius ni ká rà, àbí Sienna?" Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o. Ní ìlú tí bọ́ọ̀sì kò dé ibi gbogbo bíi tiwa yìí, tí a bá ti yọ owó ilé kúrò, mọ́tò ló sábà máa ń gbé owó jù lọ nínú ilé.

Ìdílé kan wá bá wa lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ, ìyàwó, àti ọmọ mẹ́ta ni wọ́n. Àkọ́bí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Bàbá ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn kan, máìlì 20 ni àlọ, máìlì 20 ni àbọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un pé Prius kì í mu epo, ló bá lọ ra ọ̀kan, owó oṣù 72. Ní ti epo, òótọ́ ni wọ́n sọ fún un. Àmọ́ kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí Màmá ìyàwó fi dé láti Ìbàdàn láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ. Ènìyàn mẹ́fà, ìjókòó márùn-ún. Kódà kí Màmá tó dé, wàhálà ni láti to ìjókòó ọmọdé mẹ́ta sẹ́yìn Prius kí ilẹ̀kùn sì pa dé. Ní Sunday àkọ́kọ́, bàbá gbé ìyàwó àti ọmọ méjì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó tún padà wá gbé Màmá àti ọmọ kẹta. Ìwàásù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí wọ́n tó wọlé. Lọ́sẹ̀ kejì, Màmá ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ sílé, pé òun á gbàdúrà níbẹ̀. Ẹ wo ìyá tó wọ bàálù láti Lagos, tó wá ń jókòó sílé nítorí àyè mọ́tò! Ojú ti ọkọ, ó sáré lọ ra mọ́tò kékeré mìíràn tó ti gbó. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ wa, gbèsè mọ́tò méjì àti íńṣọ̀ráńsì méjì ló wà lọ́rùn wọn, ìdílé náà kò sì tíì lè jókòó pa pọ̀ sínú ọkọ̀ kan.

Àwa ò bá ọkùnrin náà wí. Ohun kan ṣoṣo tí ẹni tó ta mọ́tò fún un bi í ni pé èló lo lè san lóṣù. Kò sẹ́ni tó bi í pé ẹ mélòó lẹ wà nílé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tí hybrid jẹ́, nítorí àwọn kan rò pé iná ilé la fi ń gbà á. Èyí tí à ń sọ yìí ní ẹ́ńjìnnì tó ń lo epo bíi ti gbogbo mọ́tò, ó tún ní ẹ̀rọ kan tó ń fi iná mànàmáná ti táyà, pẹ̀lú bátìrì ńlá. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, dípò kí gbogbo agbára yẹn di ooru kó ṣòfò, ọkọ̀ á gba díẹ̀ nínú rẹ̀ padà sínú bátìrì. Bí ẹ bá dúró nídìí iná ojú títì, ẹ́ńjìnnì á kú fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ni hybrid ti ń jèrè jù, nígbà tí mọ́tò tó kù ń jó epo lásán. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ ti ń sáré tí ẹ kì í tẹ bíréèkì, èrè yẹn dín kù. (Irú mìíràn wà tí a máa ń fi wáyà so mọ́ iná ilé lóòótọ́, ìyẹn plug-in, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.) December 1997 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Prius ní Japan, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 2000. Insight ti Honda ti ṣáájú rẹ̀ dé ibí ní ìparí 1999, ṣùgbọ́n ìjókòó méjì péré ló ní, kò wúlò fún ẹni tó bí ju ọmọ kan lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. EPA, àjọ ìjọba tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo, ní Prius tí wọ́n ṣe láàárín 2010 sí 2015 máa ń rin máìlì 50 lórí gálọ́ọ̀nù kan, tí a bá da ìgboro pọ̀ mọ́ ọ̀nà márosẹ̀. Sienna 2015 ń rin 21. Bí ẹ bá ń rin máìlì 12,000 lọ́dún, Prius á mu gálọ́ọ̀nù 240, Sienna á mu nǹkan bí i 571. Ká fi $3 ṣe owó gálọ́ọ̀nù kan, ìyàtọ̀ wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $1,000 lọ́dún. Ìyẹn tó $83 lóṣù. Kì í ṣe owó kékeré, àmọ́ kì í ṣe owó ilé náà.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà ti máa ń tan ènìyàn. A máa ń wo "máìlì mélòó lórí gálọ́ọ̀nù" bí ẹni ń wo máàkì ìdánwò, a rò pé bó bá ṣe fo sókè tó náà ni èrè rẹ̀ ṣe tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ńlá àtijọ́ tó ń rin máìlì 15, tó wá pààrọ̀ rẹ̀ sí Sienna tó ń rin 21, nọ́ńbà fi 6 péré lé sí i, àmọ́ yóò dín gálọ́ọ̀nù 229 kù lórí máìlì 12,000. Ẹni tó kúrò lórí 36 bọ́ sórí 50, nọ́ńbà fi 14 lé sí i, gálọ́ọ̀nù 93 péré ló dín kù. Gálọ́ọ̀nù ni ẹ ń sanwó fún, ẹ kì í sanwó fún máìlì. Láti orí ọkọ̀ 2013 ni ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́tò tuntun ti ń sọ iye gálọ́ọ̀nù tó máa jẹ lórí máìlì 100. Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ wò.

Ọ̀rọ̀ orí ènìyàn wá kù. Ká ní ìdílé ẹni mẹ́fà yìí ń lọ síbi ìgbéyàwó ní Dallas, tó tó máìlì 240. Tó bá jẹ́ Prius ni wọ́n fẹ́ lò, wọ́n nílò méjì, tàbí kí wọ́n bẹ ẹlòmíràn kó bá wọn gbé ènìyàn. Prius ń rin máìlì 48 lójú ọ̀nà márosẹ̀, nítorí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan á mu gálọ́ọ̀nù 5, méjèèjì di 10. Sienna 2015 ń rin 25 lójú ọ̀nà yẹn, gálọ́ọ̀nù 9.6 ló máa mu, gbogbo ilé á sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ rí i pé mọ́tò tí kì í jẹ epo ti jẹ epo ju mọ́tò ajẹpo lọ, kìkì nítorí pé wọ́n ń fi méjì rìn. Tó bá wá jẹ́ pé bàbá nìkan ló ń wà á lọ síbi iṣẹ́, Sienna ń gbé ìjókòó òfìfo mẹ́fà kiri lójoojúmọ́, epo ni wọ́n sì fi ń gbé e.

Àwọn tó ń fi mọ́tò wọn ṣe Uber lẹ́yìn iṣẹ́, tiyín yàtọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá ń rin máìlì 30,000 lọ́dún, ìyàtọ̀ Prius àti Sienna 2015 ju gálọ́ọ̀nù 820 lọ, ó súnmọ́ $2,500. Hybrid ni ká máa sọ níbẹ̀.

Ẹ má gbàgbé òfin ìjókòó ọmọdé. Ní Texas, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8 gbọ́dọ̀ wà nínú ìjókòó ọmọdé, àfi tó bá ga ju ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íńṣì 9 lọ. A mọ̀ pé nílé, ẹ̀yìn ìyá la ti dàgbà, orí ẹsẹ̀ lọmọ máa ń jókòó nínú mọ́tò. Níbí, ọlọ́pàá á fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó sì burú jù ni pé orí ẹsẹ̀ kò lè gba ọmọ là bí mọ́tò bá kọlu mọ́tò. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ gbé gbogbo ìjókòó ọmọ yín lọ síbẹ̀, kí ẹ tò wọ́n sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Bí ẹni tó ń tà á bá ń kùn, ẹ jẹ́ kó máa kùn. Ẹ mú àgbàlagbà ilé dání pẹ̀lú. Prius lọ sílẹ̀, orúnkún tó ń dun ènìyàn á sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀kùn Sienna ń yọ̀ sẹ́yìn ni, àgbàlagbà lè fi ìrọ̀rùn wọlé, ọmọ kò sì lè fi ilẹ̀kùn gbá mọ́tò ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹnìkan á ní, ṣé kò wá sí èyí tó jẹ́ méjèèjì ni? Ó wà. Láti orí Sienna 2021 ni Toyota ti sọ gbogbo Sienna tó ń tà ní Amẹ́ríkà di hybrid, ó sì ń rin máìlì 36. Kò sí àríyànjiyàn, òun ló yanjú ọ̀rọ̀ yìí jù. Owó rẹ̀ ni ìṣòro, tòkunbọ̀ rẹ̀ pàápàá ṣì wọ́n. Fún ìdílé ẹni mẹ́rin tí ẹrù wọn pọ̀, Prius v wà, tí wọ́n ṣe láti 2012 sí 2017. Búùtù rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, àmọ́ ìjókòó márùn-ún náà ló ní.

Ibi tó dùn wá jù nínú ọ̀rọ̀ ìdílé wa yẹn ni owó èlé. Ẹ jẹ́ ká ní ènìyàn yá $18,000 fún oṣù 72. Tí èlé bá jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, á máa san nǹkan bí i $298 lóṣù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí kò tíì ní ìtàn kírẹ́díìtì, wọ́n lè gbé 18 fún un, ìyẹn di $410 lóṣù. Kó tó san án tán, ó ti fi nǹkan bí i $8,000 san ju ẹni àkọ́kọ́ lọ lórí mọ́tò kan náà. Gbogbo epo tí Prius sì bá a fi pamọ́ ní ọdún mẹ́fà yẹn, bí i $6,000 ni. Èlé ti jẹ owó epo, ó tún jẹ lé e. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ títí ẹnu fi ń kan wá pé kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí credit union, kí wọ́n kọ iye èlé tí wọ́n máa gbà sínú ìwé fún yín, kí ẹ tó fẹsẹ̀ tẹ ọgbà àwọn tó ń ta mọ́tò. Tó bá sì jẹ́ pé oṣù méjì péré ni Màmá fẹ́ lò, ẹ háyà mọ́tò ńlá fún ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rìn jìnnà. Ẹ má fi gbèsè ọdún mẹ́fà gba àlejò oṣù méjì.

Bí tòkunbọ̀ hybrid lẹ bá fẹ́ rà, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ bátìrì ńlá yẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni tuntun rẹ̀. Láti orí ọkọ̀ 2020, ọdún 10 tàbí máìlì 150,000 ni Toyota fi ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ti àwọn tó ṣáájú, ọdún 8 tàbí máìlì 100,000 ni ní Texas, nítorí náà ti Prius àtijọ́ ti parí. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn Prius tí atẹ́gùn ń gbà lọ tu bátìrì náà lára. Àwa Yorùbá a sì fẹ́ràn láti di àpò ìrẹsì àti iṣu pa á. Nínú ooru Houston yìí, bátìrì tí kò rí atẹ́gùn kò ní í pẹ́ bàjẹ́. Àwọn olè náà mọ Prius, pàápàá ti 2004 sí 2009: abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ gé catalytic converter, nítorí irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Omi ńkọ́? Ìjì Harvey ti August 2017 rì ọ̀pọ̀ mọ́tò ní ìlú wa yìí, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì lè pààrọ̀ ìwé ní ìpínlẹ̀ mìíràn kó tún padà wá sọ́jà. Ẹ gba nọ́ńbà VIN rẹ̀, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí VINCheck ti National Insurance Crime Bureau, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gbóòórùn kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn tó ní í lọ́kàn pé bó bá yá àwọn á fi mọ́tò náà ránṣẹ́ sílé, ẹ rọra rò ó. Òsì ni sítíárì ti ibí wà bíi ti ilé, a sàn ju àwọn ará wa ní London lọ níbẹ̀. Sienna kì í ṣe àjèjì ní gáréèjì ọkọ̀ nílé, mẹ́káníìkì rẹ̀ kò ṣòro rí. Tó bá jẹ́ hybrid ni, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa tún un ṣe, kí ẹ tó wá ọkọ̀ ojú omi.

Ìdílé tí a sọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀rẹ̀ kò ta Prius wọn. A jókòó tì wọ́n, a ṣe ìṣirò, a rí i pé iṣẹ́ tí bàbá ń lọ lálaalẹ́ ni Prius náà wà fún. Mọ́tò kékeré tó ti gbó yẹn ni wọ́n tà. Wọ́n fi owó rẹ̀ àti owó àjọ tí ìyàwó kó ra Sienna 2013 láìyá kọ́bọ̀. Credit union kan gba gbèsè Prius sọ́wọ́, èlé rẹ̀ sì wálẹ̀. Iwájú ni Màmá ń jókòó báyìí lọ́jọọjọ́ Sunday. Gbèsè Prius ṣì ku ọdún mẹ́rin.

Bí ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò, ẹ mú ìwé owó oṣù yín méjì tó kẹ́yìn wá, ìwé gbèsè tó bá wà nílẹ̀, àti iye máìlì tí ẹ ń rìn lọ́sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i náà, ẹ ṣì máa bọ̀.