Ta ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì fọkanáísà?

Bí táyà ọ̀kadà yín bá jò ní Owódé ní Ọ̀yọ́, tàbí ní Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí fọkanáísà. Á tú táyà, á lẹ ibi tó jò, á tan ẹ̀rọ, á wá na rọ́bà gígùn wá láti fún táyà ní atẹ́gùn. Ẹ̀yin á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó máa tẹ fóònù yín. Táǹkì irin tó wà lẹ́yìn yín yẹn, èyí tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí. Wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà pupa, ó ń dán. Ọ̀dà ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni bí irin abẹ́ rẹ̀ ṣe kù tó.

Omi lọ̀tá táǹkì yìí. Atẹ́gùn tó yí wa ká ní oru omi nínú, pàápàá nígbà òjò. Tí ẹ̀rọ bá kì í mọ́ra sínú táǹkì, tó sì tutù, oru yẹn á di omi, á sun lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n máa ń ṣe ẹnu kékeré kan sí ìdí táǹkì kí wọ́n lè máa fa omi náà dànù lójoojúmọ́. Níbi tí wọn ò bá ti ń ṣí i, omi á jókòó síbẹ̀, irin á sì máa dípẹtà láti inú. Ìta ò ní mọ̀.

Ẹ má sá o, ìṣirò díẹ̀ ló kàn. Ká ní táǹkì náà gba lítà 200, tí ìwọ̀n láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25, tí irin rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà 3 nígbà tó jẹ́ tuntun. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i títí gééjì fi ka bar 8, ìyẹn nǹkan bí 116 psi. Àwọn ẹnjiníà máa ń fi agbára atẹ́gùn náà lọ́po ìwọ̀n àárín sí etí, wọ́n á wá fi bí irin ṣe nípọn tó pín in. Ohun tó jáde ni bí atẹ́gùn ṣe ń fa irin náà ya tó. Fún táǹkì tuntun wa, ó jẹ́ nǹkan bí megapascal 67. Irin lásán tí wọ́n fi ń ṣe irú nǹkan yìí máa ń fara da nǹkan bí 250 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Kò séwu, àbí? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìpẹtà jẹ ẹ́ kó ku mìlímítà kan ṣoṣo: 67 ti di 200 nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gééjì. Ẹ wá fi ojú ibi tí jórinjórin ti jó o pọ̀ kún un, tí kì í fìgbà gbogbo lágbára tó ara irin tó kù.

Bí irú táǹkì bẹ́ẹ̀ bá bẹ́, agbára tó máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó nǹkan bí kilojoule 200. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ kékeré kan tó wúwo tó kílò 1,000, tó ń sáré kìlómítà 70 ní wákàtí kan, tó wá forí sọ ẹni tó jókòó tì í. Ẹni tó sì máa ń jókòó tì í jù ni ọmọ iṣẹ́.

Báwo la ṣe máa mọ táǹkì tó ti tín-ín-rín láìgé e sí méjì? Àwọn ìyá wa ti ń dáhùn irú ìbéèrè yìí tipẹ́. Ẹ wo obìnrin tó ń ra ìkòkò amọ̀ lọ́jà. Á gbé e sókè, á fi ìka kàn án, á tẹ́tí. Èyí tó bá dún gooro, á rà á. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbì kan tí ojú ò rí, á rọra gbé e padà sílẹ̀. Kò fọ́ ìkòkò kankan kó tó mọ̀. Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, tí kì í ba ohun tí à ń yẹ̀ wò jẹ́, ni wọ́n ń pè ní NDT nílé-iṣẹ́ ńláńlá. Oríṣiríṣi ló wà: àwọn kan ń lo X-ray bíi ti ilé ìwòsàn, àwọn kan ń lo òòfà pẹ̀lú ìyẹ̀fun irin, àwọn kan ń fi omi aláwọ̀ wá ibi tó sán kiri.

Èyí tó bá táǹkì wa mu jù ni ẹ̀rọ kékeré kan tó ń lo ìró. Kò tóbi ju ọwọ́ lọ. Wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì pa ojú irin, wọ́n á gbé orí ẹ̀rọ lé e, ẹ̀rọ á sì rán ìró tí etí èèyàn ò lè gbọ́ wọ inú irin. Ìró náà á lọ kan ògiri inú, á padà wá, bí ohùn yín ṣe máa ń dá yín lóhùn bí ẹ bá kígbe níwájú àpáta. Nínú irin, ìró ń sáré tó nǹkan bíi mítà 5,900 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 340 ló ń sá nínú atẹ́gùn. Fún irin mìlímítà 3, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ mọ bí ìró ṣe ń yára tó, ó mọ iye àkókò tó lò, ó wá kọ nínípọn irin síta. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé e léra láàárín ọ̀sán kan.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iye tó bá kọ síta lè tan èèyàn jẹ. Bí irin bá ti tín-ín-rín ju ohun tí ẹ̀rọ lè kà lọ, ó lè má gbọ́ ìró àkọ́kọ́ tó padà, kó lọ gbọ́ èyí tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Irin tó ku mìlímítà 1.2 á wá ka 2.4. Akẹ́kọ̀ọ́ á rí 2.4, á ní “ó ṣì dáa,” nígbà tó jẹ́ pé ibi tó burú jù lára táǹkì ló dúró lé. Ọ̀dà náà ń parọ́. Ìró kì í yára nínú ọ̀dà bíi ti inú irin, nítorí náà ọ̀dà tó nípọn tó ìdajì mìlímítà lè fi ohun tó ju mìlímítà kan lọ kún iye tí ẹ̀rọ kà, àfi bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ti ọ̀dà kúrò. Ẹ sì rántí pé àwa la fẹ́ràn kí a máa kun táǹkì àtijọ́ ní ọ̀dà tuntun. Òmíràn tún wà: bí irin mìlímítà 10 bá ṣàdédé ka 5 lójú kan, tí gbogbo àyíká rẹ̀ sì ka 10, ó lè má jẹ́ ìpẹtà rárá. Inú irin yẹn lè ti là bí ewé ìwé méjì láti ibi tí wọ́n ti rọ ọ́.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ máa ń mọ gbogbo èyí. Lábẹ́ ìlànà ISO 9712, ipele mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣe NDT ní, ẹni ipele kẹta ni ọ̀gá wọn. Nílẹ̀ wa, iṣẹ́ epo rọ̀bì ló ń fa irú wọn lọ, nítorí ibẹ̀ lowó wà. Kò sí ẹni tó máa ti Port Harcourt wá wo táǹkì fọkanáísà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Òfin Factories Act ti Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lórí yíyẹ táǹkì atẹ́gùn wò, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ní géètì àti mànéjà ló wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Ibí ni kọ̀ǹpútà ti wọlé. Láti àárín ọdún 1960 ni àwọn èèyàn bíi Edward Feigenbaum ní Yunifásítì Stanford ti ń bi ara wọn pé: ṣé a lè gba ohun tó wà lórí ọ̀gá kan, ká kọ ọ́ sílẹ̀ ní “bí èyí bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún,” kí kọ̀ǹpútà máa fi ràn ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá lọ́wọ́? Expert system ni wọ́n pè é. Èmi á máa pè é ní ètò amòye. Ní àwọn ọdún 1970, Edward Shortliffe ṣe MYCIN ní Stanford kan náà, tó ń gba dókítà nímọ̀ràn lórí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nípa MYCIN ni pé ẹ lè dá a dúró kí ẹ bi í pé, “Kí ló dé tí o fi ń bi mí ní ìbéèrè yìí?” Á sì fi òfin tó ń tẹ̀ lé hàn yín.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ó ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. General Electric gba ìmọ̀ David Smith, àgbà ẹnjiníà wọn tó mọ àrùn ọkọ̀ ojú irin oní-dísù, sínú ètò kan. Ilé-iṣẹ́ Campbell tó ń ṣe ọbẹ̀ inú agolo ní Amẹ́ríkà ní ọ̀gbẹ́ni Aldo Cimino, tó ti lo ohun tó ju 40 ọdún lọ nídìí àwọn ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń se agolo. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n pe Texas Instruments, wọ́n jókòó tì í, wọ́n sì sọ ìmọ̀ rẹ̀ di òfin tó ju 100 lọ.

Jíjókòó ti ọ̀gá yẹn ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ lọ bi jórinjórin àgbà kan bó ṣe mọ̀ pé irin kan ò dáa, á ní, “Mo ṣáà mọ̀ ni.” Kò fi nǹkan pa mọ́, òun fúnra rẹ̀ ò rí òfin tó ń tẹ̀ lé mọ́. Ọmọ Ọ̀yọ́ á mọ irú iṣẹ́ yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ ní 1932, jókòó ti àwọn babaláwo, ó gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀ látẹnu wọn, ìwé rẹ̀ Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá sì jáde ní 1968. Mi ò sọ pé Ifá jẹ́ kọ̀ǹpútà o, ẹ má fi mí sínú wàhálà. Ṣùgbọ́n odù 256 tí babaláwo há sórí, tí odù tó bá jáde sì ń darí rẹ̀ sí ẹsẹ tó máa kì, á jẹ́ kó yé yín pé ìmọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè ní ètò, kó sì ṣeé gbà sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbà á bá ní sùúrù.

Ètò amòye fún táǹkì wa ò ní ṣòroó fojú inú wò. Á kọ́kọ́ bèèrè: ṣé wọ́n máa ń fa omi ìdí rẹ̀? Bí ẹ bá ní rárá, á ní kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ṣé ẹ ti ha ọ̀dà ojú ibẹ̀ kúrò? Mélòó lẹ kà? Ẹ ní 2.4. Báwo ni àyíká rẹ̀? Ẹ ní 1.5, 1.4, 1.3, lẹ́yìn náà ló fò sí 2.4. Ẹ lè bi í pé kí ló dé tó fi ń bèèrè ti àyíká. Á dá yín lóhùn pé irin tó ń tín-ín-rín bọ̀ kì í ṣàdédé nípọn, pé ẹ̀rọ ti lè ka ìlọ́po méjì, kí ẹ ka ibẹ̀ sí 1.2, kí ẹ sì tú atẹ́gùn inú táǹkì náà sílẹ̀. Òfin bíi mélòó kan báyìí lè wọ inú fóònù olówó pọ́ọ́kú, láìní dátà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ní èyí ti di ayé àtijọ́, pé AI tó ń fi àpẹẹrẹ kọ́ra ló wà lóde. Lóòótọ́ ni, wọ́n ti ń lò ó láti wo fọ́tò X-ray ojú irin. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ń jẹ àpẹẹrẹ bí ẹni ń jẹ gúgúrú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kì í sì í rọrùn fún un láti sọ ìdí tó fi sọ ohun tó sọ. Ta ló ń kó àkọsílẹ̀ táǹkì tó bẹ́ nílẹ̀ wa jọ? Ọ̀gá díẹ̀ la ní, a ò ní àpẹẹrẹ púpọ̀. Mo gbà pé èyí tó lè ṣàlàyé ara rẹ̀ ló yẹ wá báyìí.

Ètò amòye ní àléébù tirẹ̀ ṣá. Kò mọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú rẹ̀, bí táǹkì bá sì rí bí irú èyí tí ọ̀gá ò bá pàdé rí, yóò máa fi ìgboyà dáhùn lọ. Òfin rẹ̀ bá pọ̀ dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún, àtúnṣe rẹ̀ á di iṣẹ́ ńlá. Ohun tó fìyà jẹ ọ̀pọ̀ wọn ní ìparí àwọn ọdún 1980 nìyẹn.

Yunifásítì LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1990, pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà nínú ọgbà kan náà. Iṣẹ́ àṣejáde tó dáa ni èyí fún ẹni tó bá lè wá ọ̀gá NDT kan rí, kó sì fi oṣù mẹ́ta bi í ní ìbéèrè. Ẹgbẹ́ àwọn fọkanáísà lè dáwó jọ ra ẹ̀rọ ìró kan ṣoṣo fún gbogbo ìlú. Èyí tí mi ò tíì rí òfin “bí” fún ni ohun tí fọkanáísà máa bi yín lẹ́yìn tí fóònù bá ti ní kó má lo táǹkì náà mọ́: èwo ni kí òun fi ṣiṣẹ́ lọ́la?