Ọjọ́ Mẹ́rìnlá Tí Wọ́n Fún Àwọn Yorùbá Kumasi

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà kéde pé àlejò yòówù tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbọ́dọ̀ lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó fi ìlú sílẹ̀. Kofi Busia ni olórí ìjọba, kò sì tíì ju oṣù díẹ̀ lọ lórí àléfà. Ní Kumasi, olú ìlú àwọn Asante, ìdí ìsọ̀ ni ìkéde náà bá ọ̀pọ̀ Yorùbá.

Kí ni Yorùbá ń wá ní ìlú tó jìnnà sí ilé tó bẹ́ẹ̀? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ so ilẹ̀ méjèèjì pọ̀. Láti ọdún 1874 títí di 1886, abẹ́ ìjọba kan náà ni Èkó àti Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Gánà nígbà náà, wà. Àwọn ọmọ ogun láti Èkó wà lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Kumasi nígbà ogun Yaa Asantewaa lọ́dún 1900. Lẹ́yìn ogun, ojú irin láti Sekondi létí òkun dé Kumasi ní 1903. Ẹrù tí ọkọ̀ òkun já ń gun ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú, owó kòkó sì ń wọlé fún àwọn àgbẹ̀. Ibi tí owó bá wà, oníṣòwò kì í pẹ́ débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ.

Wóróbo ni ọ̀pọ̀ fi bẹ̀rẹ̀: abẹ́rẹ́, òwú, bọ́tìnnì, dígí, ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó bá rọ́wọ́ mú á bọ́ sídìí aṣọ tàbí abọ́ tánganran. Ẹ̀gbọ́n á mú àbúrò wá láti ilé, àbúrò á kiri ọjà fún ọdún mélòó kan, ẹ̀gbọ́n á wá fún un lówó tí yóò fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyàwó náà ní ọjà tiwọn àti owó tiwọn lọ́tọ̀. Kò sí báǹkì kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìbátan ni báǹkì.

Alata ni àwọn Asante ń pè wọ́n. Yorùbá tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé aláta, ẹni tó ń ta ata, ni wọ́n ń wí, àmọ́ àwọn onímọ̀ ìtàn so ó mọ́ Allada, ìlú kan tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Orúkọ yẹn náà ló wà lára ọṣẹ dúdú tí àwọn ìyá Gánà fi ń wẹ ọmọ wọn títí di òní: Alata samina.

Ṣùgbọ́n àlejò ni àlejò ń jẹ́. Ní 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira, ìjọba Nkrumah lé méjì nínú àwọn aṣáájú Mùsùlùmí Kumasi, Alhaji Amadu Baba àti Alhaji Othman Larden Lalemi, lọ sí Kano, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì ní ọmọ Gánà làwọn.

Nígbà ìkànìyàn 1960, nǹkan bí 100,000 Yorùbá ló wà ní Gánà. Nígbà tó fi máa di 1969, gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, iṣẹ́ sì wọ́n. Àwọn tó ń ṣòwò nínú ọjà wá di ẹni tí wọ́n ń nàka sí. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń béèrè rèé, ọ̀pọ̀ kò rí irú rẹ̀ rí, torí pé nígbà tí wọ́n dé, abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ibi tí wọ́n ti wá àti ibi tí wọ́n ń lọ.

Ohun tó dun oníṣòwò jù ni owó tó wà níta. Àwìn ni ọjà náà ń rìn: oníbàárà á kó ọjà lónìí, á san owó nígbà tó bá ta kòkó. Ta ni yóò sanwó fún ẹni tó ń kó ẹrù lọ láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá? Àwọn tó kọ́ ilé tà á ní iye tí wọ́n bá rí. Níbi tí ìyá ti jẹ́ Asante, tí bàbá jẹ́ Yorùbá, ẹbí ní láti pinnu ẹni tí yóò lọ àti ẹni tí yóò dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó gun lọ́rì ọjọ́ náà gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, wọn kò sì mọ ìlú bàbá wọn rí. Wọ́n gba Togo àti Dahomey kọjá wọ Nàìjíríà, níbi tí ogun abẹ́lé kò tíì parí.

Ní 1970, Gánà ṣe òfin tó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀. Àwọn oko kòkó pẹ̀lú kò rí òṣìṣẹ́ tó bó ṣe yẹ, nítorí àwọn àlejò náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 ló wá kan Nàìjíríà. Ìjọba Shehu Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò níwèé máa lọ, àwọn tó lọ sì lé ní mílíọ̀nù kan, ọmọ Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù ni gbogbo wa ń pè ní Ghana-Must-Go.

Àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 ti fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láyè láti wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Àmọ́ wíwọlé yàtọ̀ sí títajà. Òfin Gánà ti 2013 sọ pé kí àlejò má tajà nínú ọjà, kó má sì kiri. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò títà àti rírà gbọ́dọ̀ ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kó sì gba ogún ọmọ Gánà tó mọṣẹ́ síṣẹ́. Òfin yìí ni àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò Gánà ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà pa lọ́dún 2019.