Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Àyè-Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ láti inú Windows 98

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìperí ni láti jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ ohun tí à ń sọ, kí ó sì lè bá ohun náà ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn létí ṣùgbọ́n tí ó ń ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a óò yẹ ọ̀rọ̀ náà ‘ìrántí’ wò, èyí tí a sábà máa ń lò nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. A óò fi hàn pé ó ń bo ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́lẹ̀, àti pé ẹni tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kò lè mú kí ẹ̀rọ tí ó lọ́ra yára. Àpẹẹrẹ wa ni Windows 98, ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1998. A yàn án nítorí pé inú fáìlì kan ṣoṣo, SYSTEM.INI, ni a ti lè rí àwọn àṣẹ tí ọ̀rọ̀ wa dá lé, kí a sì tún wọn ṣe.

2.0 Àyè-iṣẹ́ àti Àká

Ibi méjì ni kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí. Èkínní ni ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ó kéré, bí iná bá sì lọ, ohun gbogbo tí ó wà níbẹ̀ a parẹ́. Èkejì ni díìsìkì. Ó tóbi, ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ohun tí a kó sínú rẹ̀ kì í bá iná lọ. Láyé Windows 98, kò gba ẹ̀rọ tó 100 nánósẹ́kọ́ńdì láti kan ohun tí ó wà ní ibi èkínní. Ó sì ń gbà á ní nǹkan bí 10 mílísẹ́kọ́ńdì láti kan ohun tí ó wà lórí díìsìkì. Èyí já sí pé ìyára èkínní ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po 100,000 ó kéré tán.

Ní èdè Yorùbá, ohun tí ó wà lọ́kàn ẹni tẹ́lẹ̀ ni a ń rántí. Ibi tí ohun gbogbo ti ń parẹ́ ní kété tí iná bá lọ kò yẹ ní ẹni tí a ń pè ní ìrántí. Díìsìkì gan-an ni orúkọ náà ìbá tọ́ sí. Àṣìlò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá sọ fún pé ìrántí ẹ̀rọ rẹ̀ ti kún lè bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì rẹ́ lórí díìsìkì, kí ẹ̀rọ náà sì lọ́ra bí ó ti ń lọ́ra tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, a dábàá ‘àyè-iṣẹ́’ fún ti èkínní àti ‘àká’ fún ti èkejì.

A kò kọ ọ̀rọ̀ àyálò. Nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, a ń lo ‘fóníìmù’ àti ‘sílébù’ pẹ̀lú ‘ọ̀rọ̀-orúkọ’ àti ‘ọ̀rọ̀-ìṣe’, wọn kò sì bá ara wọn jà. Ṣùgbọ́n ‘mẹ́mòrì’ kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ‘àyè-iṣẹ́’ ń sọ ìlò ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀.

3.0 Àtẹ àti Ibùwọ̀

Oníṣòwò kì í sáré lọ sínú àká ní gbogbo ìgbà tí oníbàárà bá dé. Ohun tí wọ́n ń béèrè jù lọ ni ó ń pa sórí àtẹ níwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọ̀ǹpútà ń ṣe: apá kan àyè-iṣẹ́ ni ó ń lò láti fi ẹ̀dà ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú láti inú àká sí, bí a bá tún lè béèrè rẹ̀. Apá yìí ni a pè ní ‘àtẹ’. Láyé MS-DOS, ètò kan tí ń jẹ́ SMARTDRV ni ó ń pàtẹ, ẹni tí ó ni ẹ̀rọ ni ó sì ń pinnu bí àtẹ náà yóò ti tóbi tó. Nínú Windows 98, ètò VCACHE ni ó ń pàtẹ, ó sì ń mú àtẹ náà gbòòrò tàbí kí ó dín in kù fúnra rẹ̀.

Bí àyè-iṣẹ́ bá fún, ẹ̀rọ a kó díẹ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀ lọ sínú fáìlì kan lórí díìsìkì, a sì kó o padà nígbà tí ó bá tún nílò rẹ̀. Àlejò ni ohun tí a kó lọ bẹ́ẹ̀; ó kàn wọ̀ síbẹ̀ ni. Nítorí náà, ‘fáìlì ibùwọ̀’ ni orúkọ tí a fún un. Bí àtẹ bá gbòòrò jù, ètò tí à ń lò lè di èrò ibùwọ̀. Ìgbà náà ni iná díìsìkì yóò máa ṣẹ́jú, tí iṣẹ́ kò sì ní í lọ síwájú. Àṣẹ méjì ni a lè fi wá nǹkan ṣe sí i:

(1) MaxFileCache=16384
(2) ConservativeSwapfileUsage=1

Abẹ́ àkọlé vcache ni (1) ń lọ. Kílóbáìtì ni a fi ń kà á. Ó túmọ̀ sí pé àtẹ kò gbọdọ̀ ju mẹ́gábáìtì 16 lọ, èyí tí ó jẹ́ ìdá mẹ́rin àyè-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó ní 64. Abẹ́ àkọlé 386Enh ni (2) ń lọ. Ó ń pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ lo àyè-iṣẹ́ tán kí ó tó kó nǹkan lọ sí ibùwọ̀, bí Windows 95 ti ń ṣe.

Kì í ṣe pé bí àtẹ bá ti kéré tó ni ẹ̀rọ yóò ti yára tó. Oníṣòwò tí àtẹ rẹ̀ kéré jù yóò máa rìn sí àká láìsinmi. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà SYSTEM.INI pamọ́, kí a yí àṣẹ kan padà lẹ́ẹ̀kan, kí a tún ẹ̀rọ tàn, kí a sì fi ètò System Monitor wo bí àtẹ ti tóbi tó àti bí ibùwọ̀ ti kún tó.

4.0 Ojúlé

Ibi tí ‘ìrántí’ ti kùnà pátápátá nìyí. Bí a bá fi kún àyè-iṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń lo Windows 98 títí ó fi ju mẹ́gábáìtì 512 lọ, ẹ̀rọ náà lè kọ̀ láti ṣí fèrèsé MS-DOS, kí ó sì máa ké pé ìrántí kò tó. Báwo ni ẹni tí ó ní púpọ̀ ṣe ń ké àìní?

Ohun tí ó tán kì í ṣe àyè. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ̀rọ lè dé ní nọ́ńbà tí a fi ń pè é. Ní Windows 98, iye nọ́ńbà náà kò ju 4,294,967,296 lọ, ìdá mẹ́rin péré nínú wọn ni a sì yà sọ́tọ̀ fún ètò aṣàkóso fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń tàn, VCACHE a wo bí àyè-iṣẹ́ ti pọ̀ tó, a sì gba nọ́ńbà tí yóò tó àtẹ tí ó tóbi jù lọ pamọ́ láti inú ìdá mẹ́rin yìí. Bí àyè-iṣẹ́ bá pọ̀ jù, VCACHE lè gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kí ó má sì ku nọ́ńbà fún iṣẹ́ mìíràn. Ilẹ̀ wà, ilé wà, ṣùgbọ́n ojúlé ti tán. ‘Ojúlé’ ni a fi ń júwe ilé láàárín ìgboro. Òun náà ni a dábàá fún nọ́ńbà yìí. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí a ṣe òdiwọ̀n àtẹ sí mẹ́gábáìtì 512, ó pọ̀ jù:

(3) MaxFileCache=524288

Ẹni tí ó gbọ́ pé ìrántí kò tó yóò tún lọ ra sí i, yóò sì fi kún ìṣòro rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ pé ojúlé ti tán yóò mọ̀ pé ríra sí i kọ́ ni oògùn rẹ̀.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni a dábàá: àyè-iṣẹ́, àká, àtẹ, ibùwọ̀ àti ojúlé. Gbogbo wọn ni Yorùbá ti ń lò nílé, lọ́jà àti lóko kí kọ̀ǹpútà tó dé, kò sì sí èyí tí ó ń gba iṣẹ́ èkejì ṣe. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 98 dúró láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n àyè-iṣẹ́, àká, àtẹ àti ojúlé wà nínú kọ̀ǹpútà òde òní pẹ̀lú, ibùwọ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. A rọ àwọn olùkọ́ àti àwọn atúmọ̀ èdè láti dán àwọn ọ̀rọ̀ yìí wò lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbọ́, tí ó sì fi wá ibi tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń sé rí, ni kí a mú.