Erékùṣù tí mọ́tò ò gbọdọ̀ dé: Ibi táwọn olólùfẹ́ kẹ̀kẹ́ ti ń ṣe fàájì, orí sàréè àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni!

Ẹ báà lówó bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ní jíìpù mẹ́wàá nínú ọgbà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá dé erékùṣù Rottnest lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ẹ ò ní í gbé ìkankan nínú wọn débẹ̀. Òfin ni. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbé mọ́tò ara ẹ̀ wọ ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àlejò àtàwọn ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ erékùṣù náà nìkan ni wọ́n ń rí lójú títì. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni tolówó-tálákà ń gùn. Kò sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, kò sí èéfín, kò sẹ́ni tó ń fi họ́ọ̀nù di èèyàn létí. Ìró òkun, igbe ẹyẹ àti agogo kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbọ́.

Ẹni tó bá gbọ́ eléyìí á ní párádísè rèé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọjọ́ pẹ́ táwọn èèyàn ti ń lọ pàgọ́ sí Rottnest, tí wọ́n ń sè, tí wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń jó, tí ọ̀pọ̀ wọn ò sì mọ̀ pé orí òkú làwọn tẹ́ ẹní sí. Ó kéré tán, ẹlẹ́wọ̀n 373 ló kú sí erékùṣù yẹn.

Ká kọ́kọ́ sọ ti fàájì náà ná. Ìlú Fremantle, nítòsí Perth tí i ṣe olú ìlú Western Australia, lọ̀pọ̀ àlejò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Nǹkan bíi kìlómítà 18 ló wà láàárín Fremantle àti Rottnest, kò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ń gbé e dání sínú ọkọ̀, ẹni tí kò ní á háyà ọ̀kan tó bá débẹ̀. Akoto ṣe pàtàkì o! Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láìdé e ti rú òfin ìpínlẹ̀ náà.

Gígùn erékùṣù yìí jẹ́ kìlómítà 11, ibi tó fẹ̀ jù lọ níbẹ̀ ò sì ju kìlómítà 4.5 lọ. Rọ́ọ̀dù tó yí i ká tó nǹkan bíi kìlómítà 22, bẹ́ẹ̀ etíkun 63 ló wà níbẹ̀ téèyàn ti lè bọ́ sómi. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ilẹ̀ tẹ́jú bí ọwọ́ o. Òkè kéékèèké pọ̀ níbẹ̀ tó ń mú kí itan roni. Yàtọ̀ síyẹn, atẹ́gùn kan wà tó máa ń fẹ́ látorí òkun lọ́sàn-án nígbà ooru, tí wọ́n ń pè ní Dókítà Fremantle. Apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ti ń bọ̀. Ìdí nìyí táwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń tètè jí lọ sópin erékùṣù náà lápá ìwọ̀ oòrùn, kí Dókítà lè ti wọ́n lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá ń padà bọ̀. Ẹni tó bá sùn títí oòrùn fi mú, òun àti atẹ́gùn ni wọ́n jọ máa figagbága. Wọ́n á sì ní kéèyàn gbé omi dání dáadáa, torí abúlé Thomson Bay lápá ìlà oòrùn ni ṣọ́ọ̀bù pọ̀ sí.

Ẹranko kan wà níbẹ̀ tó gbajúmọ̀ ju òṣèré lọ. Quokka lorúkọ ẹ̀. Kò ju ológbò lọ, ìbátan kangarú ni, inú àpò ara ẹ̀ ló ń gbé ọmọ sí, ojú ẹ̀ sì máa ń dà bíi tẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Roger Federer, ìlúmọ̀ọ́ká agbá-tẹníìsì, dé ibẹ̀ ní December 2017, tó bá ọ̀kan ya fọ́tò, fọ́tò ọ̀hún lọ káàkiri ayé. Láti ìgbà náà, kò sí àlejò tí kò fẹ́ ya tiẹ̀. Wọ́n lè yà á o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fọwọ́ kàn án tàbí tó fún un lóúnjẹ fẹ́ sanwó ìtanràn ni. Ẹranko yìí náà ló bí orúkọ Rottnest. Lọ́dún 1696, Willem de Vlamingh, atukọ̀ ọmọ Dutch, rí wọn, ó ní eku ńlá ni, ló bá pe ibẹ̀ ní Ìtẹ́ Eku.

Àmọ́ ibẹ̀ ti lórúkọ kí òyìnbó tó dé. Wadjemup ni àwọn Noongar, ìyẹn àwọn onílẹ̀ gan-an, ń pè é. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni ibi tó wà lódìkejì omi, níbi táwọn ẹ̀mí wà. Ẹsẹ̀ làwọn baba ńlá wọn fi ń rìn débẹ̀ kí òkun tó ya á kúrò lára ilẹ̀ ní nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn.

Ọdún 1838 ni ìjọba òyìnbó sọ ibẹ̀ di ẹ̀wọ̀n fáwọn ọmọ onílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó débẹ̀ ò gbà fún wọn, wọ́n jí ọkọ̀ òyìnbó kan, wọ́n sá, ọ̀kan nínú wọn sì kú sójú omi. Ìyẹn ò dá ìjọba dúró. Nǹkan bí 4,000 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ni wọ́n kó lọ síbẹ̀, títí kan àwọn ará Kimberley lókè àríwá, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́rùn. Ẹ̀sùn ọ̀pọ̀ wọn ò ju pé wọ́n pa àgùntàn tàbí màlúù jẹ lórí ilẹ̀ baba wọn tí òyìnbó gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tó dùn wọ́n jù ni pé tójú ọ̀run bá mọ́, wọ́n ń rí èbúté ilẹ̀ wọn lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n wọn ò lè dé ibẹ̀.

Àwọn ni wọ́n fọ́ òkúta, tí wọ́n kó iyọ̀ nínú adágún, tí wọ́n kọ́ àwọn ilé tí àlejò ń yà ní fọ́tò lónìí. Lọ́dún 1864, wọ́n parí ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń pè ní Quod. Wọ́n há èèyàn mọ́ yàrá tóóró bí ẹja inú agolo. Nígbà tí àìsàn ọ̀fìnkìn burúkú wọlé lọ́dún 1883, nǹkan bí ọgọ́ta ló pa. Lọ́dún 1904, ìjọba ní àwọn ti ti ẹ̀wọ̀n náà, síbẹ̀ títí di 1931 ni wọ́n ṣì ń kó ẹlẹ́wọ̀n wá la rọ́ọ̀dù. Ẹ ò rí nǹkan! Lára ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ ń gbà, ọwọ́ wọn ló là á.

Kí ni wọ́n wá fi Quod ṣe? Òtẹ́ẹ̀lì! Yàrá tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń sunkún ni tọkọtaya tó lọ gbádùn ara wọn ń sùn sí. Itẹ́ òkú ńkọ́? Ibi ìpàgọ́ ni wọ́n sọ ọ́ dà. Àwọn ìdílé onílẹ̀ pariwo, pariwo, kí wọ́n tó gbọ́. Ọdún 2007 ni wọ́n ti ibi ìpàgọ́ náà, ó sì di May 2018 kí àlejò tó yé sùn ní Quod. Ní November 2024, àwọn àgbà ọmọ onílẹ̀ péjọ síbẹ̀ láti ṣe ètò fún ẹ̀mí àwọn tó kú, kí wọ́n lè sinmi.

Kò sẹ́ni tó ní káwọn èèyàn má gun kẹ̀kẹ́ mọ́. Kẹ̀kẹ́ gan-an ló dáa níbẹ̀, torí ẹni tó wà nínú mọ́tò á sáré kọjá lára itẹ́ náà, kò ní í mọ̀. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láyè láti tẹ búréèkì, kó sọ̀ kalẹ̀, kó ṣí akoto lórí.

Àwọn Noongar ní àṣà kan fún àlejò. Wọ́n ní tó bá dé, kó bu yanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan, kó dà á sómi, kó fi kí àwọn ẹ̀mí tó ni ibẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ eléyìí ò ní í bi wọ́n pé kí ló dé. Àwa náà mọ̀ pé ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà onílé, "Àgò onílé o" ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ, kó tó bẹ̀rẹ̀ fàájì.