Alaalẹ́ tàbí Òròòru: Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 'Nightly' nínú Èdè Yorùbá

Nihtlic ni ọ̀rọ̀ yìí nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni 'ti òru'. Lónìí, 'èyí tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní night kọ̀ọ̀kan' ni ìtumọ̀ tí ó gbilẹ̀ jù. Ibi tí ìṣòro wà fún onítumọ̀ ni pé night lè kó gbogbo àkókò láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ pọ̀. Yorùbá pín àkókò yìí sí méjì ó kéré tán. Alẹ́ ni ìgbà tí ènìyàn ṣì ń jẹun, tí wọ́n ṣì ń gba àlejò. Òru ni ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dá. Aago méje alẹ́ ni à ń wí, kì í ṣe aago méje òru.

Àpètúnpè ni Yorùbá fi ń sọ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Alẹ́ di alaalẹ́, òru di òròòru, gẹ́gẹ́ bí ọdún ṣe di ọdọọdún. Fáwẹ̀lì tí ó parí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ a máa gba ìró àti ohùn fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì. Bí ní bá ṣáájú wọn, a di lálaalẹ́ àti lóròòru.

Oṣù àwẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ fi ìyàtọ̀ wọn hàn kedere. (Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1851.) Lálaalẹ́ ni wọ́n ń kí ìrun àṣàmù, lẹ́yìn ìrun ìṣáì. Lóròòru ni àwọn ajísààrì, àwọn tí orin wéré wọn bí fújì, ń jí ènìyàn láti jẹ sààrì. Ẹni tí ó bá ní wọ́n ń kí àṣàmù lóròòru ti sọ ohun mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì lè pe méjèèjì ní nightly.

Àṣìtumọ̀ irú èyí lè kó ènìyàn sínú ewu. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2020, Ààrẹ Buhari kéde òfin kónílé-ó-gbélé láti aago 8 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀. Bí akéde bá pe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ti òròòru, ẹlẹ́ja tí ó ń ti ọjà Ẹ̀pẹ́ bọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò ní mọ̀ pé ó kan òun. Bí ó bá sì pè é ní ti alaalẹ́, apẹja tí ó ń jí lọ sí ọ̀sà ní ìdájí yóò rò pé òun ti bọ́. Pípa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó wúwo létí. Ó sàn kí akéde sọ pé 'lójoojúmọ́, láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀', kí ó sì fi nightly sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì.