Ìpanu Àgbọn
Arìnrìn-àjò tí ó bá ń wá ìpanu dídùn ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, orí àtẹ àwọn tí ń kiri ọjà ní ìdíkọ̀ ni kí ó wò. Níbẹ̀ ni gúrúdì wà (kí eléyín mímì ṣọ́ra!); níbẹ̀ náà ni bàbá dúdú wà. Ẹni tí ń ṣe bàbá dúdú a rin àgbọn, a fún omi rẹ̀, a fi ṣúgà sè é, a sì máa ro ó títí yóò fi ki. Iná ni ó ń sọ ṣúgà náà di dúdú. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò korò. Irú rẹ̀ wà lókè òkun pẹ̀lú. Ní Salvador, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lẹ́rú lọ, àwọn obìnrin tí ń dín àkàrà lẹ́bàá títì a máa ta cocada, èyí tí í ṣe àgbọn tí a fi ṣúgà sè. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ kò ní í bèèrè bí a ti ń jẹ ẹ́.