Ọkọ̀ Tí A Kọ́kọ́ Rà: Bí Mo Ṣe Wọ Ìjàpá Mi Tí Mo Sì San Owó Ọkọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí àgbàlagbà kan tí kò fẹ́ sọ ọ́, ẹ má ṣe bi í ní ọdún tí wọ́n bí i. Ẹ bi í pé irú ọkọ̀ wo ni ó kọ́kọ́ rà. Kí ó tó sọ ọ́ dé ìdajì, ẹ ó ti mọ ìgbà tí ó di géńdé, iye tí ó ń gbà lóṣù, àti ẹni tí ó yá a lówó.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí ni pé láìpẹ́ yìí a lọ sí òkú ìyá ọ̀rẹ́ wa kan ní Ifọ́n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. A ti jẹun tán, a jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti Èkó wá bá wa ọkọ̀ Volkswagen kékeré, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, wọ inú àgbàlá. Ó ti tún un kùn, ó ń dán bí ọ̀tun. Àwọn ọmọdé sáré lọ wò ó bí ẹni ń lọ wo eégún. Àwa àgbà mẹ́ta tí a jókòó pọ̀ kò dìde. Ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nìkan ti tó wa.

Ọ̀gá, ẹni tí ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Ọ̀wọ̀ kí ó tó fẹ̀yìn tì, ní, “Tíṣà, ṣé o gbọ́ ọ?” Mo ní, “Mo gbọ́ ọ, sà.” Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Morris Minor ni Ọ̀gá kọ́kọ́ rà. Lọ́wọ́ òyìnbó kan tí ó ń padà sí ìlú rẹ̀ ni ó ti rà á ní 1964. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Morris Minor ní 1948, òun sì ni ọkọ̀ ilẹ̀ wọn tí ó kọ́kọ́ pé mílíọ̀nù kan. Ní àkókò náà, kẹ̀kẹ́ Raleigh ni ti tíṣà. Ẹni tí ó bá ní alùpùpù, a máa ń kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá ní nígbà tí òun kọ́kọ́ wa Morris náà dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, àwọn ọmọ dá orin tí wọ́n ń kọ dúró, wọn kò sì lè rántí ibi tí wọ́n bá a dé mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn ọkọ̀ náà di 1972. Títí di ìgbà náà, ọwọ́ òsì ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, bí Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká ń gba ọwọ́ ọ̀tún. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba yí i padà. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Àjíǹde sì ni pẹ̀lú. Ọ̀gá wọ agbádá, ó gbé ìyàwó àti ọmọ sínú ọkọ̀, ó di ṣọ́ọ̀ṣì. Kò tí ì rìn jìnnà tí àwọn ènìyàn ẹ̀bá ọ̀nà fi ń pariwo pé, “Ọ̀tún o! Ọ̀tún ni o!” Ó ní òun rò pé wọ́n ń kí òun kú ọdún ni, òun sì ń juwọ́ sí wọn.

Ẹni tí ó bá mọ ọkọ̀ yóò ti rí ìyọnu tí ó kù. Apá ọ̀tún ni sítíárìn Morris wà. Nígbà tí a wá ń gba ọwọ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ kòtò ni Ọ̀gá jókòó sí. Bí ó bá wà lẹ́yìn lọ́rì, kò lè rí ohun tí ń bọ̀ níwájú àfi kí ó yọ gbogbo ọkọ̀ síta. Ìyàwó rẹ̀ ni ó di ojú fún un. “Ẹ má tí ì yà o, lọ́rì igi ń bọ̀!” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ, láti Ọ̀wọ̀ dé Àkúrẹ́, fún odidi ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá ní láti ìgbà náà ni òun kò ti dá nǹkan ṣe láìkọ́kọ́ bi ìyàwó òun. Bóyá òótọ́ ni. Màmá kò sí níbẹ̀ tí à bá fi bi wọ́n.

Màmá kan, ará Ìdóàní, tí ó ti ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní gbogbo ayé rẹ̀, ni ó ṣe ẹnì kẹta wa. Kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin, ọkọ̀ fáàrí ni ẹ ń rò. Èmi kò ra ọkọ̀ fáàrí rí.”

Peugeot 404 ẹlẹ́yìn gígùn ni tirẹ̀, tí ó ń kó èrò àti ẹrù láti Ìdóàní gba Ìpele wá sí Ọ̀wọ̀. Kò mọ ọkọ̀ í wà, ó gba dírẹ́bà. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, ohùn kan náà ni: “Màmá, èrò kò sí.” Ní ọjọ́ kan, ó fi ìborùn bo orí, ó lọ dúró sí gáréèjì ní Ọ̀wọ̀ bí ẹni ń dúró de ènìyàn. Ó ka èrò méje àti àgbò kan wọ inú ọkọ̀ rẹ̀. Ní alẹ́, dírẹ́bà kó owó èrò mẹ́rin wá. “Mo bi í pé, àgbò ńkọ́? Ó ní, àgbò wo? Mo ní, èyí tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá aláṣọ.” Ó lé e lọ, ó sì fi oṣù méjì kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fúnra rẹ̀ wa iṣu dé Ọjà Ọba, ó ní àwọn alágbàárù gbàgbé láti béèrè owó wọn. Láti inú 404 ó bọ́ sí 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Kàdúná ní 1975. Ó ra òmíràn lé e. Ó wá parí rẹ̀ sí bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ tí ọkọ̀ wọ̀nyí rán ní ilé ìwé ni ó fẹ́ máa sọ, a kò sì jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ìbá ṣú.

Ó wá kan èmi.

Ní 1975, owó Udoji dé. Ẹni tí kò bá tó ayé nígbà náà lè má mọ ohun tí à ń wí. Ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì san àjẹmọ́nú ti oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò rí irú owó bẹ́ẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá. Ní ọdún yẹn gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen pọ̀ ní ọ̀nà Badagry ní Èkó.

Ìyá mi ń gbé inú ilé tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Ẹ̀kọ ni ìyá náà tà tí ó fi rán mi lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ó ti sọ fún àwọn aládùúgbò pé owó Udoji ọmọ òun ni yóò kan òrùlé. Èmi kò ṣèlérí fún un, ṣùgbọ́n n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo fi ẹ̀yáwó kún owó náà, mo ra Ìjàpá.

Ọjọ́ tí mo gbé e dé, mo ń fọn fèrè láti orí ìta. Ìyá mi jáde, ó bu omi sí iwájú táyà, ó gbàdúrà tí ó gùn. Lẹ́yìn náà ó yí ọkọ̀ náà ká, ó fọwọ́ kan òkè rẹ̀, ó ní, “Ọkọ̀ yìí dára. Ṣé èèyàn lè sùn sínú rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀?” Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní yóò di ọdún tí ń bọ̀. Ọdún tí ń bọ̀ dé, ó di táyà. Èyí tí ó tẹ̀ lé e di bírékì, lẹ́yìn náà ìgbéyàwó, lẹ́yìn náà ọmọ. Ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ o, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kò ní rédíétọ̀, atẹ́gùn ni ó ń tù ú. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn bá dúró ní ẹ̀bá odò Ọ̀sẹ̀ láti wá omi, èmi á juwọ́ sí wọn, mo ti kọjá. Aboyún, àpò kòkó, ìyàwó ojú ọ̀nà, òkú pàápàá, ó gbé gbogbo wọn. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn mi ní òru, mo ti mọ̀ pé ọkọ̀ ni wọ́n bá wá.

Ìyá mi kú ní ìgbà òjò ọdún 1981. Abọ́ mẹ́ta ni mo bá lórí ilẹ̀ yàrá rẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbé e jáde, omi kún inú méjì.

Ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ohun èlò ọkọ̀ di ọ̀wọ́n gógó. Ọmọ mi mẹ́ta sì wà ní ilé ìwé. Mo ta Ìjàpá ní 1987 fún ọkùnrin kan tí ó fi ṣe takisí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òjò ká mi mọ́ ẹ̀bá Ọjà Ọba, takisí kan dúró. Mo wọlé kí n tó mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí àkọ́bí mi fi ìṣó kọ sí ara ilẹ̀kùn ni mo rí. Dírẹ́bà náà, ọmọkùnrin tí kò ju ọmọ mi lọ, ní, “Bàbá, ẹ rọra ti ilẹ̀kùn o, ọkọ̀ oníǹkan ni.” Ọ̀rọ̀ tí èmi náà ti sọ fún gbogbo Ọ̀wọ̀ nìyẹn. A rìn díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí mi léjìká láti òkè. Mo sún, ó tún kán. Ó ní, “Ẹ máa bínú, sà, ó ń jò díẹ̀.” Mo ní kò burú. Mo san owó ọkọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ kí n tó dé ibi tí mo ń lọ.

Páànù tí mo kàn sí ilé ìyá mi ní 1990 ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àbúrò mi ni ó ń gbé inú rẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Màmá Ìdóàní ní, “Tíṣà, pẹ̀lẹ́.” Ọmọ Èkó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ń fi tayọ̀tayọ̀ sọ pé Ìjàpá tí wọ́n ṣe lágbàáyé ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógún lọ, pé ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní 2003. Ó bi wá bóyá ẹnì kan nínú wa fẹ́ wà á yí àgbàlá ká. Kí n tó dáhùn, Ọ̀gá ti dìde, ó ti gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún, ó jókòó, ó ń fọwọ́ wá sítíárìn.

Mo ní, “Ọ̀gá, òsì ni o.”